Bí A Ṣe Ń Fi Kọ̀ǹpútà Wéwèé Ọ̀nà Omi Ìdọ̀tí

Kò sí ilé tí ènìyàn ń gbé tí a kì í da omi nù níbẹ̀. Omi tí a fi wẹ̀, omi tí a fi ṣan àwo, omi tí a fi fọ aṣọ, àti èyí tí a dà sí ilé ìyàgbẹ́ kí ó lè gbé ìgbẹ́ lọ, gbogbo wọn ni ó ní ibi tí wọ́n ń lọ. Ní abúlé tí ilé kò pọ̀, tí ilẹ̀ sì gbòòrò, ọ̀rọ̀ yìí kò le: ilẹ̀ yóò mu nínú omi náà, oòrùn yóò sì gbẹ ìyókù. Ní ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Yorùbá, kòtò sókáwéè ni onílé kọ̀ọ̀kan gbẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ohun tí ó bá sì ti wọ inú rẹ̀ di ti onílé náà títí ọkọ̀ tí ń fa ìgbẹ́ yóò fi dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé bá kún ìlú dé ibi pé ògiri ń fara kan ògiri, tí a ń gbé àjà lé àjà, kò sí ẹ̀yìnkùlé mọ́ tí a lè gbẹ́. Nígbà náà ni àwọn ará ìlú máa ń pa ọ̀rọ̀ náà pọ̀ sójú kan. A ó ri páìpù mọ́ ilẹ̀ láti ilé dé ilé. Àwọn kékeré yóò tú sínú àwọn ńlá, àwọn ńlá yóò sì gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí ibi kan tí a ti ń sẹ́ ìdọ̀tí kúrò nínú omi kí ó tó wọ odò. Gbogbo àwọn páìpù àti kòtò abẹ́ ilẹ̀ wọ̀nyí ni à ń pè ní ọ̀nà omi ìdọ̀tí.

Nínú gbogbo ohun tí ìlú máa ń kọ́, díẹ̀ ni ó ṣòro láti dán wò tó èyí. Aránṣọ lè wọ ẹ̀wù fún oníbàárà, kí ó sì tú ibi tí ó bá fún un mọ́ra. Ṣùgbọ́n páìpù tí a ti rì mọ́ abẹ́ títì, tí a ti da ọ̀dà lé, tí ọkọ̀ ti ń gba orí rẹ̀ kọjá, a kì í hú u jáde nítorí pé òjò kan ṣoṣo fi hàn pé ó kéré. Owó ìlú ti lọ sí i, ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí ó rì í ni yóò sì máa lò ó. Kí òjò náà tó rọ̀ ni a gbọ́dọ̀ ti mọ ohun tí yóò ṣe. Iṣẹ́ tí a gbé lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ nìyí, ṣùgbọ́n kò lè yé ènìyàn dáadáa bí kò bá kọ́kọ́ mọ bí nǹkan ti rí nígbà tí kò sí kọ̀ǹpútà.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni àpẹẹrẹ rẹ̀ hàn jù lọ. Ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn ènìyàn ibẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù méjì. Inú odò Thames ni ìgbẹ́ wọn ń ṣàn lọ, inú odò kan náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ kan sì ti ń fa omi tí wọ́n ń tà fún ìlú mu. Àrùn onígbáméjì jà ní 1832. Ó jà láti 1848 wọ 1849. Ó tún jà láti 1853 wọ 1854. Èyí tí ó jà ní ìgbà kejì nìkan pa ènìyàn tí ó lé ní 14,000 ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣègùn gbà gbọ́ nígbà náà ni pé òórùn búburú ni ó ń fa àrùn náà. Dókítà John Snow ni ó kọ ilé àwọn tí ó kú sílẹ̀ ní àdúgbò Broad Street ní 1854, tí ó sì fi hàn pé ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo tí wọ́n ń pọn ni ó ń pa wọ́n. Ọ̀pọ̀ aláṣẹ kò gbà á gbọ́. Òórùn ni wọ́n gbà gbọ́, òórùn náà ni ó sì jí wọn lójú oorun. Nígbà ooru ọdún 1858, odò náà fà, oòrùn sì mú. Òórùn ìgbẹ́ bo Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin tí ó wà létí odò, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń rẹ aṣọ ojú fèrèsé sínú oògùn apakòkòrò kí àwọn aṣòfin tó lè jókòó. Òfin tí wọ́n ti ń jiyàn lé lórí láti ìgbà pípẹ́ parí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tí ìyà kò bá tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kì í tètè gbọ́.

Ẹnjiníà Joseph Bazalgette ni a gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ó la àwọn ọ̀nà omi ńlá tí gígùn wọn tó nǹkan bí kìlómítà 132 láti ìwọ̀-oòrùn ìlú sí ìlà-oòrùn rẹ̀, ní ìhà méjèèjì odò, kí wọ́n lè gba omi ìdọ̀tí lójú ọ̀nà kí ó tó dé odò, kí wọ́n sì gbé e jìnnà sí ìlú. Bíríkì tí ó lé ní mílíọ̀nù 300 ni wọ́n fi ṣe é. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀nà náà rí bí ẹyin tí a dorí ṣóńṣó rẹ̀ kodò. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ há, kí omi díẹ̀ ìgbà ọ̀dá lè máa yára lọ láìfi ìdọ̀tí sílẹ̀. Òkè rẹ̀ fẹ̀, kí ó lè gba omi òjò. A ṣí i ní 1865, gbogbo rẹ̀ sì parí ní 1875. Nígbà tí onígbáméjì tún dé ní 1866, ìhà ìlà-oòrùn, níbi tí iṣẹ́ náà kò tíì parí, ni ó ti ṣọṣẹ́ jù. Lẹ́yìn ìyẹn, kò tún jà ní Lọ́ńdọ̀nù bí ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Pẹ́ńsù àti ìwé ni Bazalgette fi ṣe gbogbo ìṣirò yìí, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ títí di òní, tí omi ń gbà á kọjá.

Ohun kan ni a kò gbọ́dọ̀ fojú fò. Páìpù kan náà ni omi ìdọ̀tí àti omi òjò jọ ń gbà ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí òjò ńlá bá rọ̀, tí páìpù sì kún, omi náà ní láti rí ibìkan gbà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilé àwọn ènìyàn ni yóò wọ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi ojú àtúsílẹ̀ sí etí odò, kí àṣẹ́kù lè tú síbẹ̀. Nígbà ayé Bazalgette, èyí kì í ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́. Ìlú ènìyàn mílíọ̀nù mẹ́rin ni ó fọkàn sí. Àwọn tí ó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù lónìí tó mílíọ̀nù mẹ́sàn-án, títì ọlọ́dà àti òrùlé sì ti bo ibi tí koríko ti ń mu omi tẹ́lẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún yìí, àwọn ojú àtúsílẹ̀ tí ó burú jù ń tú sínú odò ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Àpapọ̀ ohun tí ń wọ odò Thames lọ́nà bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 39 tọ́ọ̀nù.

Báwo wá ni a ṣe ń mọ bí páìpù yóò ti tóbi tó? Ìlànà kan wà tí ẹnjiníà ará Ireland kan, Thomas Mulvany, fi lélẹ̀ ní 1851, tí a ṣì ń lò fún iṣẹ́ kékeré. Kí a sọ pé àdúgbò kan fẹ̀ tó hẹ́kítà 10, tí òjò sì ń rọ̀ sí i tó mílímítà 36 ní wákàtí kan. Omi tí ó bọ́ sí àdúgbò náà jẹ́ lítà 3,600,000 ní wákàtí náà, ìyẹn ni lítà 1,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni yóò dé páìpù; ilẹ̀ yóò mu nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ ni ó ń ṣàn wá, lítà 500 ni yóò dé ẹnu páìpù ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ará Ireland mìíràn, Robert Manning, ni ó gbé ìlànà kejì kalẹ̀ ní 1889, èyí tí ó sọ iye omi tí páìpù lè gbé. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà rẹ̀, páìpù oníkọnkéré tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní mílímítà 600, tí a sì rì kí ó máa sọ̀ kalẹ̀ ní mítà kan nínú 100 mítà, yóò gbé nǹkan bíi lítà 600 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Páìpù náà tó fún àdúgbò yẹn, ó sì ṣẹ́ kù.

Kí ọdún ogún wá kọjá. Onílé kan fi kọnkéré bo àgbàlá rẹ̀ nítorí ẹrẹ̀. Ẹnìkejì kọ́ ilé kún ilé. Ẹ̀kẹta da ọ̀dà síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ṣe ohun búburú nínú wọn. Ṣùgbọ́n omi tí ń ṣàn wá ti kúrò ní ìdajì, ó ti di ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Òjò kan náà tí ó ń mú lítà 500 wá tẹ́lẹ̀ ń mú 800 wá nísinsìnyí, páìpù kò sì dàgbà. Tàbí kí a sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ kò ṣọ́ra nígbà tí wọ́n ń rì í, tí ìsọ̀kalẹ̀ rẹ̀ wá jẹ́ mítà kan nínú 400 dípò 100: agbára páìpù náà yóò dín sí ìdajì, nǹkan bíi lítà 300, bí ẹnu rẹ̀ tilẹ̀ fẹ̀ bákan náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ràn ìṣirò lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀.

Ìlànà méjèèjì yìí dára, ṣùgbọ́n páìpù kan ni wọ́n ń wò lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni pé kò ní aládùúgbò. Ìlú ńlá ní páìpù ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Òjò kì í sì í rọ̀ kárí ìlú ní àkókò kan náà. Ó lè dá ní òkè ìlú kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀, omi àdúgbò méjì sì lè pàdé lójijì ní oríta kan, tàbí kí ọ̀kan ti kọjá kí èkejì tó dé. Ọ̀ràn mìíràn tún wà tí ó ju ìyẹn lọ. Àwọn àgbà a máa sọ pé omi kì í ṣàn kí ó bojú wẹ̀yìn. Òtítọ́ ni èyí lójú àgbàrá. Ṣùgbọ́n nínú páìpù tí ó ti kún bámúbámú, omi a máa bojú wẹ̀yìn. Bí páìpù ńlá tí ó wà nísàlẹ̀ bá ti kún dé ẹnu, èyí tí ó kéré kò rí àyè tú sínú rẹ̀ mọ́. Omi inú rẹ̀ yóò dúró, yóò ga, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí padà síbi tí ó ti wá, títí yóò fi ṣí ìdérí ihò ojú títì, tàbí kí ó gba ilé ìyàgbẹ́ ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ jáde. Ẹni tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí lè má ṣẹ̀ ní ohunkóhun. Òjò tí ó rọ̀ sí òkè ìlú, níbi tí kò dé rí, ni ó wọ yàrá rẹ̀.

Ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Barré de Saint-Venant, ni ó kọ òfin méjì tí irú omi báyìí ń tẹ̀ lé sílẹ̀ ní 1871. Èkínní rọrùn: omi kì í pòórá. Iye tí ó wọ páìpù ní láti jẹ́ iye tí ó jáde pẹ̀lú iye tí ó kù sínú rẹ̀. Èkejì ṣe àlàyé ohun tí ń ti omi àti ohun tí ń dá a dúró: ìdagẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ ń fà á lọ, omi tí ó ga lẹ́yìn ń tì í, omi tí ó ga níwájú ń dá a padà, ara páìpù tí kò dán sì ń fà á sẹ́yìn. Láti inú òfin kejì yìí ni a ti lè mọ ìgbà tí omi yóò bojú wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, ìwé ni òfin méjèèjì wà fún odidi ìlú, nítorí pé kò sí ọwọ́ ènìyàn tí ó lè ṣírò wọn tán. Páìpù kan kò lè dá ìdáhùn tirẹ̀ ní: ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ wà lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀, ti aládùúgbò náà sì wà lọ́wọ́ èyí tí ó tẹ̀ lé e.

Kọ̀ǹpútà ni ó yí èyí padà. Ohun tí ó máa ń ṣe ni pé yóò gé àkókò sí wẹ́wẹ́, bí ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan lẹ́ẹ̀kan. Yóò ṣírò ibi tí omi ga dé nínú páìpù kọ̀ọ̀kan, yóò sún síwájú ní ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, yóò tún un ṣírò, títí òjò yóò fi dá, tí omi inú ilẹ̀ yóò sì fi fà. Òjò wákàtí mẹ́ta lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìṣirò fún páìpù kan ṣoṣo. Kò sí idán nínú rẹ̀ rárá. Ìfaradà ni kọ̀ǹpútà fi ju ènìyàn lọ. Láàárín 1969 sí 1971 ni ìjọba Amẹ́ríkà náwó sí ètò kan tí yóò máa ṣe irú iṣẹ́ yìí fún omi òjò àti omi ìdọ̀tí ìlú. SWMM ni ìkékúrú orúkọ rẹ̀. Wọ́n ti tún un ṣe nígbà púpọ̀ láti ìgbà náà, ọ̀fẹ́ sì ni fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kọ̀ǹpútà, ìbáà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ń ta tiwọn, àwọn kan tilẹ̀ jẹ́ olówó gọbọi, ṣùgbọ́n òfin Saint-Venant kan náà ni wọ́n gbójú lé.

Ohun tí a fi ètò bẹ́ẹ̀ kọ́ ni à ń pè ní àwòṣe. Bí ẹni tí ó fi amọ̀ mọ ilé kékeré kí ó tó kọ́ ilé ńlá ni, àyàfi pé nọ́ńbà ni amọ̀ tibí. Ihò onídérí kọ̀ọ̀kan tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbà wọ abẹ́ ilẹ̀ di kókó kan nínú àwòṣe; páìpù tí ó so ihò kan mọ́ èkejì di okùn tí ó so kókó pọ̀. Fún kókó kọ̀ọ̀kan, a gbọ́dọ̀ mọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ti ga tó àti bí ihò náà ti jìn tó. Fún okùn kọ̀ọ̀kan, a gbọ́dọ̀ mọ gígùn rẹ̀, bí ẹnu rẹ̀ ti fẹ̀ tó, ohun tí a fi ṣe é àti bí ara rẹ̀ ti rí. Lẹ́yìn náà ni a ó pín ojú ìlú sí abala-abala, tí a ó sì sọ fún kọ̀ǹpútà bí òrùlé, títì àti koríko ti pọ̀ tó ní abala kọ̀ọ̀kan. A ó ka iye ènìyàn tí ń gbé ibẹ̀ àti iye omi tí wọ́n ń lò. Ìgbà tí wọ́n ń lò ó pẹ̀lú ní ìtumọ̀. Omi ìdọ̀tí a máa pọ̀ ní àárọ̀ nígbà tí gbogbo ilé ń wẹ̀, a máa dínkù ní ọ̀sán, a sì tún pọ̀ ní àṣálẹ́. Ní ààjìn òru kì í sí púpọ̀. Bí omi bá ṣì pọ̀ nínú páìpù láàárín òru tí gbogbo ènìyàn ti sùn, ẹnjiníà mọ̀ pé ara páìpù ti là, omi inú ilẹ̀ sì ń jò wọlé.

Gbogbo ìròyìn wọ̀nyí kò sí nínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Àwọn ènìyàn tí wọ́n wọ bàtà rọ́bà, tí wọ́n ń ṣí ìdérí lójú títì, tí wọ́n ń tan iná wo inú òkùnkùn, ni wọ́n ń mú un wá. Àwòrán ilẹ̀ àtijọ́ máa ń purọ́: páìpù tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó lọ sí ọ̀tún lè ti yà sí òsì láti ọgọ́ta ọdún. Iṣẹ́ àwọn wọ̀nyí kì í sábà gba ìyìn, ṣùgbọ́n lórí rẹ̀ ni gbogbo ìyókù dúró lé.

Nígbà tí àwòṣe bá parí, a kò tíì lè gbà á gbọ́. A ó kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tí a ti mọ ìdáhùn rẹ̀. A ó gbé ẹ̀rọ tí ń wọn ìṣàn omi sínú àwọn páìpù kan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a ó sì gbé ohun ìwọn òjò sí orí òrùlé káàkiri. Bí òjò bá ti rọ̀, a ó fi òjò náà gan-an sínú àwòṣe, a ó sì wò ó bóyá ohun tí ó sọ bá ohun tí ẹ̀rọ rí mu. Bí àwòṣe bá sọ pé omi ga ní sẹ̀ǹtímítà 40, tí ẹ̀rọ sì sọ pé 70 ni, àfi kí ènìyàn lọ wo ibẹ̀. Bóyá yanrìn ti dí páìpù dé ìdajì. Bóyá gbòǹgbò igi ti wọ inú rẹ̀. Bóyá àwọn onílé kan ti so ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ òrùlé wọn mọ́ páìpù ìdọ̀tí láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ibí yìí ni a ti ń mọ ẹnjiníà gidi yàtọ̀ sí ẹni tí ó kàn fẹ́ parí iṣẹ́, nítorí pé ó rọrùn púpọ̀ láti jókòó nínú ọ́fíìsì kí a máa yí nọ́ńbà kan tàbí méjì nínú àwòṣe títí 40 yóò fi di 70. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ láìwádìí ìdí rẹ̀, ìwé ni ó tún ṣe, kì í ṣe ọ̀nà omi. Àwòṣe rẹ̀ yóò sì tàn án jẹ lọ́jọ́ tí òjò mìíràn bá dé.

Àwòṣe tí ó bá ti kọjá ìdánwò yìí ni a lè béèrè ohun tí a kò mọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. A lè rọ òjò tí kò tíì rọ̀ rí sí i. A lè rọ òjò tí irú rẹ̀ máa ń wáyé lẹ́ẹ̀kan ní ọdún mẹ́wàá, kí a sì rọ èyí tí ó ń wáyé lẹ́ẹ̀kan ní ọgbọ̀n ọdún, kí a wo ojú títì tí omi yóò ti jáde àti ilé tí yóò wọ̀. A lè fi páìpù ńlá rọ́pò kékeré nínú rẹ̀ láìgbẹ́ ilẹ̀ kankan. Nígbà mìíràn a ó rí i pé páìpù ńlá tí àwọn ará àdúgbò kan ń béèrè kò ní í ṣe ju pé kí ó yára gbé omi lọ bá àwọn tí ó wà nísàlẹ̀. Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ kì í dùn mọ́ni, ṣùgbọ́n ó sàn kí a gbọ́ ọ lẹ́nu kọ̀ǹpútà ju kí a gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí omi wọ ilé wọn.

Báyìí ni ó rí nígbà tí Lọ́ńdọ̀nù tún gbé ọ̀ràn odò rẹ̀ yẹ̀ wò. Ní August 2004, òjò kan rọ̀ tí àwọn ojú àtúsílẹ̀ fi tú púpọ̀ sínú odò Thames, tí ẹja ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì kú léfòó. Ìwádìí ńlá kan lórí odò náà parí ní 2005. Àwòṣe méjì ni wọ́n lò pọ̀: ọ̀kan fún àwọn páìpù abẹ́ ìlú, èkejì fún odò fúnra rẹ̀. Odò Thames pẹ̀lú ń bojú wẹ̀yìn, nítorí pé omi òkun ń ru wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ìdọ̀tí tí ó bá tú sí àárín ìlú lè máa lọ, kí ó máa bọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí ó tó dé òkun. Wọ́n mú ọdún kan nínú àwọn ọdún tí ó ti kọjá, tí òjò rẹ̀ kò pọ̀ jù tí kò sì kéré jù, wọ́n sì rọ gbogbo òjò ọdún náà sórí àwòṣe ní oríṣiríṣi ọ̀nà.

Wọ́n wò ó bí yóò ti rí bí a bá ya omi òjò sọ́tọ̀ kúrò lára omi ìdọ̀tí ní gbogbo ìlú. Èyí túmọ̀ sí pé kí a tú títì tí kò lóǹkà. Wọ́n wo ti àwọn adágún kéékèèké, koríko àti òrùlé tí ń mu omi. Wọ́n wo ti ihò ńlá kan tí a ó gbẹ́ sí abẹ́ odò, tí yóò gba àṣẹ́kù gbogbo ojú àtúsílẹ̀, tí yóò sì pa á mọ́ títí ibi ìtọ́jú yóò fi rí àyè gbà á. Àwọn ọlọ́gbọ́n kan tako ihò náà gidigidi, wọ́n ní owó rẹ̀ ti pọ̀ jù àti pé koríko àti adágún yóò ṣe iṣẹ́ náà. Èsì tí a fún wọn ni pé ilẹ̀ amọ̀ ni ó wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ ibi ní Lọ́ńdọ̀nù, kì í tètè mu omi, àti pé yóò pẹ́ jù kí ìlú tí a ti kọ́ tán tó yí padà. Àwòṣe kò pa àríyànjiyàn náà tì. Ohun tí ó ṣe ni pé ó fi nọ́ńbà sí iwájú àwọn méjèèjì. Ní 2012, ilé ẹjọ́ gíga ti Àpapọ̀ Ilẹ̀ Yúróòpù dájọ́ pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti rú òfin nítorí ìdọ̀tí yìí, ní 2014 ni ìjọba sì fún àwọn tí yóò gbẹ́ ihò náà láṣẹ.

Àwòṣe náà ni ó tún sọ bí ihò yóò ti rí. Ọ̀nà tí a kọ́kọ́ gbèrò gùn ju kìlómítà 30 lọ. Nígbà tí a rí i pé a lè so ó mọ́ ihò mìíràn tí a ń gbẹ́ lọ́wọ́ ní ìlà-oòrùn, gígùn rẹ̀ dín sí kìlómítà 25. Nínú ojú àtúsílẹ̀ 34 tí ó burú jù, àwòṣe fi hàn pé kò di dandan kí a fa gbogbo wọn mọ́ ihò náà tààrà: ibòmíràn wà tó jẹ́ pé bí a bá ti tún ọ̀nà omi ibẹ̀ ṣe, èyí tí ó wà nítòsí kò ní í tú mọ́. Ẹni tí ó bá ń wo páìpù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kì bá tí mọ èyí láéláé. Ẹnu ihò náà fẹ̀ ní mítà 7.2. Ẹ̀ka rẹ̀ kan wà ní gúúsù odò tí ó ti Greenwich wá, ní agbègbè kan náà pẹ̀lú Southwark àti Peckham tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí. Ó lé ní bílíọ̀nù mẹ́rin pọ́n-ùn tí wọ́n ná sí i, àwọn tí ń san owó omi ìdọ̀tí ilé wọn ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó sì ń san án díẹ̀díẹ̀. Ní February 2025 ni wọ́n so ojú àtúsílẹ̀ tí ó kẹ́yìn mọ́ ọn. Òun àti ihò ìlà-oòrùn jọ lè gba omi tí ó tó bílíọ̀nù 1.6 lítà.

Ihò yìí kò ní í ṣe ohun gbogbo, wọn kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Ní July 2021, òjò líle rọ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, omi ìdọ̀tí sì wọ ọ̀pọ̀ yàrá ìsàlẹ̀ ilé. Odò ni a gbẹ́ ihò náà fún. Kò sọ àwọn páìpù kéékèèké tí ó wà lójú títì di ńlá. Ayé pẹ̀lú ń gbóná sí i, òjò àná kò sì fi gbogbo ara jọ ti ọ̀la mọ́. Nítorí náà ni àwọn ẹnjiníà ṣe ń fi kún òjò àtijọ́ kí wọ́n tó rọ ọ́ sórí àwòṣe, tí wọ́n sì ń jiyàn láàárín ara wọn lórí iye tí ó yẹ kí wọ́n fi kún un. Ní ti odò Thames, ìṣirò wọn ni pé nǹkan bíi 95 nínú ọgọ́rùn-ún ìdọ̀tí tí ń tú síbẹ̀ ní ọdún tí òjò rẹ̀ bá ṣe déédé kò ní í tú síbẹ̀ mọ́. Márùn-ún tí ó kù yóò máa tú jáde ní ìwọ̀nba ọjọ́ tí òjò bá le jù. Wọ́n ti mọ èyí kí ẹ̀rọ tó gbẹ́ bùkẹ́ẹ̀tì amọ̀ kan ṣoṣo jáde.